Ìbọn Kan, Ọ̀pá Mẹ́rin

Àbúrò ìyàwó mi kan wá kí wa ní Houston láti Ìbàdàn, ó sì bá mi níbi tí mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, tí mo to ọ̀pá irin mẹ́rin sí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ìbọn mélòó lẹ kó jọ báyìí?" Mo ní ẹyọ kan ni. Ó fi ojú kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kò gbà mí gbọ́. Ni mo bá mú ara ìbọn náà, mo fi ọ̀pá kan sí i, mo tì í pa. Mo tún ṣí i, mo yọ ọ̀pá yẹn, mo fi òmíràn sí i. Ó wá jókòó. Ó ní, "Bí èèkù ọkọ́ ni, àbí? Wọ́n á yọ ọkọ́ kan, wọ́n á fi òmíràn sí i, èèkù ò yí padà." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣàlàyé ìbọn yìí fún àwọn ará ilé, n kò rí èyí tó dára tó ti ọmọ náà.

Ìbọn ìléwọ́ ni, iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ṣe é fún, ọta kan ṣoṣo ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ilé ọta tí ń yí, kò sì sí ọta tó ń dúró de ìkejì rẹ̀ nínú ìdìmú. Ẹni tó bá ti yìn ín gbọ́dọ̀ ṣí i bí ẹni tó ń dá igi sí méjì, kí ó fi ọwọ́ yọ èèpo kátíríìjì, kí ó ti òmíràn bọ ihò rẹ̀, kí ó tì í pa, kí ó sì tún fa òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀. Ẹran tó gbọ́ ìró àkọ́kọ́ ti kọjá odò kí gbogbo èyí tó parí.

Warren Center ni orúkọ ẹni tó rọ ọ́. Oníṣẹ́ ìbọn ni, inú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ló sì ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, tí wọ́n ń pè ní K. W. Thompson Tool. Wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n ní òṣìṣẹ́, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò máa fi wọ́n ṣe. Center dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1965, ìbọn náà sì jáde ní 1967. Contender ni wọ́n pè é, orúkọ Thompson àti ti Center ni wọ́n sì fi sọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ látìgbà náà, ṣùgbọ́n Contender ni mo ní, òun ni mo mọ̀, òun ni màá sì sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó fà mí sí i ti wà nílé kí n tó rékọjá òkun. Bàbá mi ní ṣakabùlà kan ní Ìsẹ́yìn. Mo máa ń jókòó tì í bó ṣe ń kì í: ẹ̀tù á kọ́kọ́ gba ẹnu ìbọn wọlé, á fi àkísà lé e, á fi ọ̀pá gún un títí ọ̀pá náà á fi máa ta padà sókè, ọta á tẹ̀ lé e, àkísà mìíràn á dí ọta mọ́lẹ̀ kí ó má baà dà nù, á wá fi kápù sí ìdí rẹ̀. Bí ó bá rìn láti ìrọ̀lẹ́ dé àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìbọn yẹn lè dún kí ó tó tún jókòó kì í. Bí ọ̀rinrin bá sì ti wọnú ẹ̀tù, kì í dún rárá. Mi ò rí i rí kí ó yin ìbọn sí ẹran tó ń sáré. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ló ń pa ẹran, ìbọn kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, tí mo rí i pé àwọn ọdẹ kan wà níbí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ìbọn ọlọ́ta kan nígbà tí oríṣiríṣi ìbọn ọlọ́pọ̀ ọta kún ọjà, mo mọ̀ pé mo ti rí àwọn èèyàn mi.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ti bàbá mi àti tèmi o, àwọn baba wa sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì ṣakabùlà, ìdí ni mo ti ń kì tèmi. Nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí, tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí gbà nípasẹ̀ àwọn ará wọn tó wà ní Èkó, wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kojú Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú ìbọn wọ̀nyẹn, ọta kan ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yìn ín kò ní láti dìde dúró fi ọ̀pá gún ẹnu ìbọn nígbà tí ọ̀tá ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá tú u. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: ara ìbọn, níbi tí ìdìmú, òòlù àti ohun tí ìka ń fà wà, ọ̀pá ìbọn, tí ọta ń gbà kọjá, àti igi kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀pá, tí ọwọ́ òsì ń gbé. Kí n tó fọwọ́ kan súkúrù kankan, mo máa ń ṣí i, mo máa ń fi ojú wo ihò kátíríìjì, mo sì tún máa ń ti ìka bọ̀ ọ́. Ojú lè tan èèyàn nínú òkùnkùn. Ìka kì í tan èèyàn. Àwọn ọta kì í sí lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ìbọn tí mo bá ń pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀. Yàrá mìíràn ni wọ́n ń wà.

Irin tó yí ìka ká lábẹ́ ìbọn ní ìrù kékeré kan. Ìrù yẹn ni èèyàn ń fà sẹ́yìn láti ṣí i. Bí ó bá ti ṣí, súkúrù ló di igi abẹ́ ọ̀pá mú. Mo máa tú u, igi á bọ́ sílẹ̀, á sì hàn pé irin róbótó kan gba inú ara ìbọn kọjá sínú ìdí ọ̀pá, bí ìdè ilẹ̀kùn. Mo máa ti irin yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan, á yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀pá á sì wá sí mi lọ́wọ́. Ọ̀pá mìíràn á bọ́ sí ipò rẹ̀, irin ìdè á padà, igi á padà, súkúrù á padà. Ó tán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn kò nílò ju súkúdíráfà kan lọ.

Lábẹ́ ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ahọ́n irin kéékèèké wà tó ń bọ́ sínú ara ìbọn láti tì í pa. Àárín ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ̀tù ń bá jà. Nítorí náà ni mo ṣe ń tì í pa gírígírí, tí mo máa ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Bí kò bá tì dáadáa, ìbọn náà kì í gbà kí wọ́n yìn ín, ohun tó sì yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀pá kan kì í sì í bá ara ìbọn kan mu gẹ́gẹ́ bó ṣe bá òmíràn mu. Mo ti rí ọ̀pá tó ń mì díẹ̀ lára ìbọn ọ̀rẹ́ mi, tó dì mọ́ tèmi pinpin bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ìbéèrè tí ọdẹ gidi á kọ́kọ́ bi mí ni pé, ṣé kì í yẹ̀? Bí èèyàn bá yọ ọ̀pá lónìí, tí ó sì dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ibi tí ó ń bà tẹ́lẹ̀ náà ni yóò bà? Ìdáhùn wà nínú ibi tí wọ́n fi ohun ìfojúsùn sí. Ara ọ̀pá ni wọ́n dè é mọ́, kì í ṣe ara ìbọn. Bí ọ̀pá bá ń lọ, ojú rẹ̀ ń bá a lọ. Bí ó bá padà, ojú rẹ̀ ni ó fi padà. Ọ̀pá mi kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, mi ò sì ń tún un tò nígbà tí mo bá pààrọ̀. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ wọ inú igbó láìkọ́kọ́ yin ọta méjì tàbí mẹ́ta sí bébà. Ẹran kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dán ìbọn wò.

Ọ̀pá mẹ́rin mi, mi ò fẹ́ràn wọn bákan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti .22, ọta kékeré tí kì í ta èèyàn lọ́wọ́, tí ìró rẹ̀ kò sì pọ̀. Òun ni mo fi ń kọ́ ọwọ́ mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro nìkan ni ẹran rẹ̀. Òun náà ni mo yìn jù nínú gbogbo wọn. Ti .44 Magnum jẹ́ íǹṣì 10, ó wà fún ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ tó ń tú ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Texas bí ẹni tó ń fi katakata kọ ebè. Nínú igbó tó ki, níbi tí ẹran ti ń yọ síni lójijì, mi ò nílò ju òun lọ.

Ẹ̀kẹta ya àjèjì púpọ̀ lẹ́nu: ó ń gba ọta .45 Colt, ó sì tún ń gba kátíríìjì .410 tí ọta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Inú ọ̀pá ìbọn tó ń yin ọta ẹyọ kan ní ìlà tó lọ́ yípo, tí ń jẹ́ kí ọta máa yí bó ti ń lọ, kí ó má baà ta gìẹ̀gìẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọta wẹ́wẹ́ bá yí bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò tú ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún adìyẹ. Wọ́n wá ṣe irin kan tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ọ̀pá, tí ìlà inú rẹ̀ tọ́, láti dá yíyí náà dúró kí àwọn ọta wẹ́wẹ́ tó jáde. Bí èèyàn bá fẹ́ yin .45, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú irin náà kúrò. Mo ra ọ̀pá yìí nítorí ejò. Mo lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì.

Ẹ̀kẹrin ni ọmọ ìfẹ́ mi: .30-30, íǹṣì 14. Láti 1895 ni kátíríìjì yìí ti wà, wọ́n sì ti fi pa àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà ju bí ẹnikẹ́ni ti lè kà lọ. Inú ìbọn gígùn tí ọta ń tò tẹ̀ léra wọn nínú páìpù abẹ́ ọ̀pá ni wọ́n ti sábà ń lò ó. Nínú irú páìpù bẹ́ẹ̀, orí ọta kan ló ń gbá kápù èyí tó wà níwájú rẹ̀ nídìí, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe orí ọta náà ní pẹlẹbẹ, kí ìbọn má baà bú lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ọta orí pẹlẹbẹ kì í pẹ́ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Èmi ọlọ́ta kan kò ní ìṣòro yẹn. Ọta mi kò ní ẹnìkejì tí yóò gún nídìí, mo sì lè lo ọta olórí ṣóńṣó, tí ń la afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní àìní ìbọn yìí ló bí àǹfààní yẹn fún un.

Kì í ṣe gbogbo kátíríìjì ni ara Contender lè gbà. Àwọn tí agbára wọn pọ̀ gan-an, bíi .308, kò sí fún un. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ náà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ, wọ́n pè é ní Encore, ọ̀pá ti ọ̀kan kì í sì í wọ ara èkejì. Mo ń sọ èyí fún ẹni tó bá rí ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú níbì kan: orúkọ kátíríìjì wà lára ọ̀pá, kì í sí lára ìbọn. Kí ẹ kà á, kí ẹ tún un kà, kí ẹ sì kà á mọ́ ìdí kátíríìjì tó wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tó wà lọ́jà báyìí jẹ́ àlòkù. Smith & Wesson ra ilé iṣẹ́ náà ní 2007, iṣẹ́ kúrò ní Rochester lọ sí Springfield ní Massachusetts, ní 2021 wọ́n sì kéde pé àwọn fẹ́ tà á. Àwọn tó ní ọ̀pá wá ń di tiwọn mú. Nínú ọ̀pá mẹ́rin mi, mẹ́ta ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Ọ̀kan kó mi sí wàhálà: mo wo inú rẹ̀ láti ẹnu, ó ń dán bíi dígí, mo sanwó. N kò wo ihò kátíríìjì dáadáa. Ìpẹtà ti jẹ ibẹ̀ díẹ̀, nígbà tí mo sì yìn ín, èèpo kátíríìjì gan mọ́ inú rẹ̀, irin kékeré tó yẹ kó gbé e sókè kò lè mì ín. Ọ̀pá igi ni mo fi tì í jáde láti ẹnu. Oníṣẹ́ ìbọn kan ló bá mi mú ibẹ̀ dán. Láti ọjọ́ yẹn, ìdí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Àṣìṣe tó dùn mí jù, èmi ni mo ṣe é, ó sì jẹ mọ́ ohun tó jẹ́ ẹwà ìbọn yìí gan-an. Oríṣi kátíríìjì méjì ló wà. Ti .22, etí ìdí rẹ̀ ni ohun tí ń gbiná wà. Àwọn ńláńlá, àárín ìdí wọn ni kápù wà. Kí ara ìbọn kan tó lè yin méjèèjì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ méjì sínú rẹ̀, ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún àárín, wọ́n sì fi ohun kékeré kan sórí òòlù tí èèyàn ń tì láti yan èyí tí òòlù yóò gbá. Bí ó bá wà ní àárín méjèèjì, kò ní gbá ìkankan.

Ní ọdún kejì tí mo rà á, mo fi ọ̀pá .22 ṣe ìdánrawò ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní alẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí .30-30, mo nù ún, mo gbé e sínú àpótí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, akọ àgbọ̀nrín kan jáde sí gbangba, kò tó ọgọ́ta yáàdì sí mi. Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí mi, ó ń jẹ. Mo fa òòlù, mo sinmi ìbọn lórí àpò yanrìn, mo mí jáde, mo fà á. *Kẹ́.* Kò sí ohun tó dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ ti .22 ni mo fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ó lọ gbá etí kátíríìjì tí iná rẹ̀ wà ní àárín. Ẹran náà gbé orí sókè, ó wo ibi tí mo wà, ó fò wọ igbó. N kò ṣí ìbọn náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, nítorí ọta tó kọ̀ láti dún nísinsìnyí lè dún kété lẹ́yìn náà. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú yẹn gùn. Mo rántí ṣakabùlà bàbá mi tí ọ̀rinrin wọ̀, àti bí kì í ti í sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń bọ̀ wálé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Báyìí, bí mo bá ti fi ọ̀pá sí ìbọn, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ sókè, mo máa ń fi àtàǹpàkò ti ohun orí òòlù náà, mo sì máa ń sọ ibi tó wà. Ìyàwó mi ti mọ ìró náà láti yàrá: "Ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Àárín." Ìwà mìíràn tún wà tí Contender àtijọ́ ní tí ó yẹ kí olùkọ́ sọ fún ọmọ iṣẹ́. Bí èèyàn bá ti fa òòlù, tí ó wá rọra dá a padà nítorí pé ẹran ti lọ, kò ní gbà kí wọ́n tún fà á àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí ìbọn, kí wọ́n sì tì í padà. Nínú igbó tó dákẹ́ rọ́rọ́, ṣíṣí yẹn ń dún. Mo ti kọ́ láti má fa òòlù títí ẹran á fi dúró sí ibi tí mo fẹ́.

Wàyí o, bí wọ́n ṣe ń mú un. Ìbọn gígùn ní èjìká tí ó ń fi ara tì. Èyí kò ní. Ọwọ́ méjì ló gbé gbogbo rẹ̀, tèmi pẹ̀lú awò orí rẹ̀ sì tó nǹkan bíi pọ́n-ùn mẹ́rin. Ẹni tó bá na irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síwájú láìfi ara ti ohunkóhun, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n kí ó tó ka mẹ́wàá. Nítorí náà mo máa ń wá ibi ìfarati: àpò yanrìn, ẹ̀ka igi, orúnkún mi, tàbí igi ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mo gé fúnra mi. Mi ò jẹ́ kí ọ̀pá fara kan ohun líle. Igi abẹ́ rẹ̀ ni mo ń gbé lé nǹkan, nítorí ọ̀pá tó bá ń gbá igi nígbà tí ìbọn dún yóò ta kúrò níbi tí mo fojú sùn.

Awò tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ wà lórí ọ̀pá .30-30. Kì í ṣe irú tí wọ́n ń fi sórí ìbọn gígùn. Ti ìbọn gígùn, ojú gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn kí ó tó ríran nínú rẹ̀; ti ìbọn ìléwọ́, wọ́n ṣe é fún ojú tó wà ní ìwọ̀n apá tí a nà. Ẹni tó bá fi tàkọ́kọ́ sórí ìbọn ìléwọ́ á máa fa ìbọn súnmọ́ iwájú orí rẹ̀ láti lè ríran, bí ìbọn bá sì ti ta sẹ́yìn, etí awò yóò la ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo ti rí ojú kan tí wọ́n rán nítorí èyí. Ìró rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n ṣe ẹ̀tù .30-30 fún ọ̀pá gígùn. Nínú ọ̀pá íǹṣì 14, apá kan rẹ̀ ń jó lẹ́yìn tí ọta ti jáde, iná á bù yẹ̀rì lẹ́nu ìbọn, afẹ́fẹ́ á sì gbá èèyàn láyà. Mo máa ń di etí méjèèjì, kódà nínú igbó.

Nípa òfin, ará ilé tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì. Èkíní ni pé ara ìbọn nìkan ni òfin ìjọba àpapọ̀ kà sí ìbọn. Òun ló ní nọ́ńbà, òun ni wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù fún lọ́dọ̀ òǹtajà. Ọ̀pá jẹ́ irin lásán lójú òfin náà, èèyàn sì lè rà á bí ó ti ń ra ohun èlò ọkọ̀. Èkejì le díẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìdí onígi gígùn tí èèyàn lè fi pààrọ̀ ìdìmú, kí ìbọn náà lè di ìbọn èjìká. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láti 1934, tó ń sọ báyìí pé ìbọn èjìká tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá tó íǹṣì 16 gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ pàtàkì. Ilé iṣẹ́ Thompson/Center ta àpò kan tí ìbọn ìléwọ́, ọ̀pá íǹṣì 21 àti ìdí onígi jọ wà nínú rẹ̀. Ìjọba ní àpò náà fúnra rẹ̀ ti di ohun tí òfin ń sọ, torí pé èèyàn lè fi ìdí onígi mọ́ ọ̀pá kúkúrú. Ilé iṣẹ́ náà san owó orí dọ́là 200, wọ́n sì pẹjọ́ láti gbà á padà. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní 1992 ìdájọ́ sì gbè wọ́n: kíkó wọn jọ kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Títò wọ́n pọ̀ lọ́nà àìtọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pá gígùn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kí ìdí onígi tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá sì ń tú u, ìdí onígi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò. Ìṣẹ́jú kan tí ètò yìí bá fi yí padà ti tó láti sọ ọdẹ di arúfin.

Fún ará ilé tó wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kúrú. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa fi ìbọn ìléwọ́ sínú àwọn ohun tí a kà léèwọ̀. Ìwé àṣẹ tí ọdẹ ń gbà fún ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì kò bo irú èyí mọ́lẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi bi mí bóyá mo lè mú un wálé fún àwọn ọdẹ Ìsẹ́yìn láti rí. Mo ní kí ó má tilẹ̀ dá a lábàá.

Texas níbí náà, ọdẹ kì í kàn ṣàdédé wọgbó. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ. Wọn kò gbà kí wọ́n fi .22 tí iná rẹ̀ wà létí pa àgbọ̀nrín onírù funfun. Ààbọ̀ wákàtí ṣáájú yíyọ oòrùn títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn wíwọ̀ rẹ̀ ni àkókò, èyí tó ṣòro fún mi láti gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi ọmọ ẹni tó fi òru ṣọdẹ. Àti pé ilẹ̀ aládàáni ni ọ̀pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ibí: mo ń san owó fún onílẹ̀ lọ́dọọdún kí n tó jókòó nínú igbó rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, mo ti wà lórí ìjókòó kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti pe orúkọ ọ̀pá, mo ti pe ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Ọta kan wà nínú ìbọn, ọ̀kan wà nínú àpò àyà mi. Abo méjì kọ́kọ́ wá, wọ́n jẹ, wọ́n lọ. Akọ kan dúró lẹ́yìn igi fún ìgbà pípẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún yáàdì. Orí rẹ̀ ń hàn, àyà rẹ̀ ò hàn. Ẹni tó ní ọta márùn-ún lè gbìyànjú. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìjókòó náà, mo gba inú kòtò omi tó ti gbẹ, mo ń wọ́ lórí orúnkún, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò láti rin ohun tí ọmọdé lè fi ìṣẹ́jú kan sáré kọjá. Nígbà tí mo gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ méjì kalẹ̀, ó kù bí ogójì yáàdì, ó sì ti yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo fa òòlù.

Ó rìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó wólẹ̀. Mo dúró síbi tí mo wà títí ìró náà fi tán ní etí igbó, mo sì fi ọta kejì sínú ìbọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé n kò ní lò ó. Mo gé oṣù àti ọjọ́ kúrò lára ìwé tí ìjọba fún mi, mo so ó mọ́ ìwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yọ ọta kejì, mo ti ìka bọ ihò, mo fi ìbọn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí koríko, mo fa ọ̀bẹ yọ.